Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹ Má Torí Iye Megapixel Ra Kámẹ́rà

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ká ra kámẹ́rà díjítà, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wolé, a kì í wòde. Iye megapixel tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí nìkan là ń wò. Wọ́n ní ti ibí yìí jẹ́ 20, tọ̀hún jẹ́ 24, èyí tó wà lókè téńté yẹn jẹ́ 45. A ó sì fa owó yọ, a ó mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù tí agbára wa ká. Ó di ọjọ́ ìkómọ, a ya fọ́tò bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Léèsì ń tàn yanran, ìgò ọtí ń dán, kéèkì hàn ketekete, ṣùgbọ́n ojú ìyá ọmọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ ò lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín tàbí ẹkún ló ń sun.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà fún ìdílé rẹ̀, kó rà á nítorí ojú àwọn tó fẹ́ yà àti ibi tó ti máa yà wọ́n. Kó sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó náà fún ìtọ́jú fọ́tò, kí wọ́n má baà sọnù. Gbogbo ìyókù, ariwo ọjà ni.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí o. Ẹ wo ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Manchester tàbí Dublin. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti fojú kan ìyá àgbà rẹ̀? Owó bàálù èèyàn márùn-ún lọ sílé kì í ṣe owó kékeré. Ilé mìíràn ń lọ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, òmíràn di ọdún mẹ́wàá, àwọn mìíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ rárá. Fọ́tò ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi mọ ìran rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa rí i pé imú bàbá bàbá òun ló wà lójú òun yìí. Tí ojú bàbá bá ti ṣókùnkùn nínú fọ́tò, tí bàbá sì ti lọ, ibo ló tún ti fẹ́ rí i?

Àwọn òbí wa mọ èyí kí kámẹ́rà díjítà tó dé. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé African Arts nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàlàyé bí àwọn àgbà ṣe máa ń jókòó tìyì-tẹ̀yẹ, aṣọ ńlá lára, ọwọ́ lórí itan, tí wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Ó tún sọ ti àwọn ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò àwọn méjèèjì, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì so ó pọ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á tún wọ aṣọ ti ẹnì kejì fún èyí tó kù kí wọ́n tó yà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìdílé kan ń lo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dípò ère ìbejì. Ṣé ẹ rí i báyìí pé àwọn tó fi fọ́tò sípò ère ìbejì kò fi fọ́tò ṣeré? Àwa tí a ní ẹ̀rọ tó ju tiwọn lọ ló yẹ kó ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, “Fóònù wà lápò mi, kí ni mo tún ń wá kámẹ́rà sí?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà nílẹ̀ Japan, tí wọ́n ń pè ní CIPA, máa ń ka iye kámẹ́rà díjítà tí wọ́n kó jáde fún títà. Ní ọdún 2010, ó lé ní mílíọ̀nù 120. Ní ọdún 2023, kò tó mílíọ̀nù 8. Fóònù ló gba ọjà náà lọ́wọ́ wọn. Èmi ò sì bá fóònù jà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán gangan lẹ máa ń ya fọ́tò, nínú ọgbà, ní pápá ìṣeré, tàbí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù yín ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré yín, ẹ fi owó kámẹ́rà tẹ fọ́tò sórí ìwé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìgbà wo ni àwa ń ṣe ìnáwó? Alẹ́ ni. Ibo la ti ń ṣe é? Nínú gbọ̀ngàn tí iná aláwọ̀ búlúù àti pọ́pù ń yí bírí bírí, tí Àlùjó ti dé ojú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó dúró sójú kan. Ibẹ̀ ni fóònù ti máa ń dákú. Ẹni tí ìnáwó pọ̀ nílé rẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sáré bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù, ẹni tó ń lọ sílé lọ ya àwọn arúgbó nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré, àwọn wọ̀nyí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò megapixel yìí ká lè gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fọ́tò álúbọ́ọ̀mù tí gbogbo wa mọ̀, íǹṣì 6 ní íǹṣì 4 ni. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó dán mọ́rán, tótó 300 ni wọ́n máa ń tò sí íǹṣì kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 1,800 ní 1,200. Megapixel 2 àti díẹ̀ lásán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ èyí tó tó ìwé A4 tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ sí pálọ̀, kò tó megapixel 9. Megapixel 12 ti ṣe gbogbo ohun tí ìdílé nílò, ó sì ṣẹ́ kù. Lóòótọ́, nígbà kan nọ́ńbà yìí já mọ́ nǹkan. Kámẹ́rà díjítà tí Steve Sasson tò pọ̀ ní iléeṣẹ́ Kodak lọ́dún 1975 kò ju megapixel 0.01 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló sì fi ń kọ fọ́tò kan ṣoṣo sórí téèpù kásẹ́ẹ̀tì. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìyàtọ̀ gidi wà láàárín 2 àti 5. Ṣùgbọ́n lónìí, ìyàtọ̀ 24 àti 45 kò kan ẹni tí kò fẹ́ lẹ fọ́tò mọ́ ara ilé alájà mẹ́ta.

Kí ló wá yẹ ká máa wò? Ìmọ́lẹ̀ ni. Kámẹ́rà kò rí ojú, ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ojú ló ń rí. Ohun kan wà nínú kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun ló dípò fíìmù àtijọ́, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹnìkan gbé ife síta, tí ẹlòmíì gbé bésìnì ńlá síta, ta ni yóò rí omi gbọ̀n jù? Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6 ní 4.5. Èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà onílẹ́ǹsì-yíyọ, fẹ̀ tó bí 23.5 ní 15.6. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, èkejì fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 13. Èyí tó tóbi bíi fíìmù àtijọ́, 36 ní 24, fi bí ìlọ́po 30 jù ú lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ó sì wúwo lọ́rùn. Èrò tèmi ni pé APS-C ló bá àpò àti òde wa mu jù lọ. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n kọ megapixel 20 sí lára, ife ni o, nọ́ńbà kì í sọ ife di bésìnì.

Lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, ó kan lẹ́ǹsì. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà f àti nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yìí máa ń da èèyàn láàmú, torí pé bó ṣe kéré tó ni ẹnu ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́ǹsì tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí, ìyẹn 18 sí 55, máa ń jẹ́ f/5.6 tẹ́ ẹ bá ti fà á sún mọ́ ojú èèyàn. Lẹ́ǹsì tí kì í fà síwá sẹ́yìn, tó jẹ́ f/1.8, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Ìlọ́po mẹ́wàá o! Lẹ́ǹsì 50 f/1.8 sì wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà àtijọ́ nílé, tó ń ráhùn pé kò ya fọ́tò tó dáa lálẹ́, kó kọ́kọ́ wo ibí yìí kó tó ra kámẹ́rà mìíràn. Tí ẹni tó ń tajà bá sì ń ròyìn zoom fún yín, ẹ bi í pé ti lẹ́ǹsì ni àbí ti díjítà. Èyí tí wọ́n ń pè ní zoom díjítà kò sún mọ́ nǹkan kan, ńṣe ló kàn ń gé fọ́tò, tó ń fẹ èyí tó kù lójú.

Ó wá ku ti àwọ̀ ara wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, iléeṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà níbẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Tí àwọ̀ Shirley bá ti jáde dáadáa, wọ́n gbà pé fọ́tò gbogbo ayé ti dáa nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lorna Roth ní ilẹ̀ Canada kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2009. Ó ní lára àwọn tí igbe wọn mú kí Kodak tún fíìmù ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, torí pé ọjà wọn ò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ gbọ́ mi bí, ṣokoléètì! Ọdún 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò tí wọ́n pè ní Real Tone jáde nínú fóònù Pixel 6, kí àwọ̀ dúdú lè jáde bó ṣe rí gan-an.

Kámẹ́rà òde òní kò lo káàdì Shirley mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá. Ńṣe ló ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, tó ń ṣe é bí ẹni pé kò funfun, kò dúdú, agbede-méjì ni. Tí ìyá ọmọ bá wọ léèsì funfun báláú, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Léèsì á di eléérú, ojú á di dúdú kirikiri. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí fọ́tò ìkómọ fi máa ń bàjẹ́ jù. Oògùn rẹ̀ wà lára kámẹ́rà: bọ́tìnnì tó ní àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò. Ẹ gbé e sí +1, ẹ tún un yà, ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ pé aṣọ dúdú ni gbogbo ilé wọ̀, bíi níbi ìsìnkú, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa ṣe. Ojú ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo aṣọ. Ẹ má sì yin fíláàṣì sí èèyàn lójú tààrà, á jẹ́ kí iwájú orí máa dán bí ẹni fi epo pa á. Ẹ yí i sí àjà funfun lókè, kí ìmọ́lẹ̀ ta padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Nítorí náà, kámẹ́rà tí bọ́tìnnì yìí kò bá rọrùn láti rí lára rẹ̀, tí kò sì ní ibi tí wọ́n ń ki fíláàṣì sí lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta á.

Bẹ́ ẹ bá délé ìtajà, ẹ má kàn dúró síwájú gíláàsì kẹ́ ẹ máa wo páálí. Ẹ mú ẹnì kan tó dúdú dáadáa nínú ilé dání, kó wọ aṣọ funfun. Ẹ ní kí wọ́n tan kámẹ́rà, ẹ pa fíláàṣì, ẹ ya ojú ẹni yẹn ní kọ̀rọ̀ tí iná ò ti pọ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà, ẹ wo ẹyinjú, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá mú kámẹ́rà méjì wò báyìí, ẹ ò ní béèrè iye megapixel mọ́.

Ti owó ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí tó pọ́ọ́kú mọ́, tuntun sì ti wọ́n. Ṣùgbọ́n àlòkù kún ìgboro, a kò sì nílò kí wọ́n kó tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí wa, orísun rẹ̀ la wà yìí. Ẹ béèrè iye fọ́tò tó ti yà, bẹ́ ẹ ṣe máa ń wo iye máìlì tí mọ́tò ti rìn. Ẹ ra á ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnni ní ìwé ìdánilójú. Ní Ìlú Ọba níbí, òfin Consumer Rights Act ti 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà fún ẹni tó fi òwò títà ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì dá gbogbo owó yín padà. Èyí tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti yí ọkàn padà. Bó bá sì jẹ́ káàdì gbèsè lẹ fi san án, tí owó rẹ̀ ju 100 pọ́ùn lọ, báǹkì tó ni káàdì náà jọ ń jẹ́jọ́ pẹ̀lú ẹni tó tà á tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ wá pàdé òun lẹ́bàá ibùdókọ̀, owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́, kò sí ọjọ́ 30 kankan lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún káàdì mẹ́mórì. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀: wọ́n á kọ GB 256 sára ohun tí kò gbà ju díẹ̀ lọ, fọ́tò tó bá wọlé lẹ́yìn tó ti kún á sì bàjẹ́. Ẹ kó nǹkan kún un tẹ́nutẹ́nu nílé, ẹ ṣí wọn wò, kó tó di ọjọ́ ìnáwó. Káàdì tó ju GB 32 lọ, ọdún 2009 ni irú rẹ̀ jáde, kámẹ́rà tó dàgbà jù ú lọ lè má mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé, bátìrì tó wà lọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù, ọwọ́ lẹ máa gbé e sí. Ṣájà Ìlú Ọba bá iná Nàìjíríà mu. Ẹ má sì yọ lẹ́ǹsì níta nígbà ọyẹ́, eruku ò mọ ẹni ọ̀wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ló kù. A ń ya fọ́tò tó pọ̀ ju ti àwọn òbí wa lọ, ṣùgbọ́n èyí tó máa kù lẹ́yìn wa lè má tó tiwọn. Tiwọn wà lórí ìwé, nínú àpótí, lára ògiri. Tiwa wà nínú fóònù tí olè lè jí, nínú kọ̀ǹpútà tó lè jóná. Ẹ má sì rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ni baba ìsádi. Kodak Gallery tí ọ̀pọ̀ èèyàn kó fọ́tò sí, wọ́n tì í pa lọ́dún 2012, ọdún náà gan-an tí Kodak fúnra rẹ̀ sáré lọ sábẹ́ òfin àwọn tó jẹ gbèsè. Google Photos tó ń gba fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ láìníye, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021 ló fòpin sí i. Fọ́tò tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp láti ilé, ó ti máa ń fún un kó lè fúyẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, kó lè dé bó ṣe rí.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Tí ẹ bá ní 500 pọ́ùn, ẹ má ná 500 lórí kámẹ́rà. Ẹ fi 350 wá àlòkù gidi àti lẹ́ǹsì f/1.8. Ẹ fi 50 ra káàdì ojúlówó àti bátìrì kejì. Ẹ fi 100 tó kù ra hard drive àlòkù tàbí kékeré, kẹ́ ẹ sì fi ìyókù rẹ̀ tẹ fọ́tò. Kí fọ́tò wà níbi mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan nílé ẹbí mìíràn, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọọdún, ẹ yan 50 péré, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn wọn: ta nìyí, ọmọ ta ni, ìlú wo, ọdún wo. Ẹ sì tún aago inú kámẹ́rà ṣe kó máa sọ ọjọ́ tó tọ́. Fọ́tò tí kò lórúkọ, lẹ́yìn ogójì ọdún, àlejò ló máa ń dà nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọjà fi nọ́ńbà dí wa lójú. Àwọn arúgbó wa tó wà nílé kò ní dúró dè wá títí láé. Ẹni tó bá ń lọ ní Kérésìmesì tàbí Iléyá tó ń bọ̀, kó gbé ìyá jókòó sẹ́bàá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kó pe àwọn ọmọ jọ sí i lẹ́sẹ̀, kó ya ojú wọn kó hàn kedere. Ọlọ́run á jẹ́ ká máa fi ayọ̀ ya fọ́tò o. Ire o.